Ta Ló Ni Àṣẹ Lórí Bí Ìkànnì Ṣe Rí Lójú Yín?

Àǹtí mi, àbúrò màmá mi, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá, àmọ́ bíró pupa ò tíì kúrò lọ́kàn wọn. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí wọn, ìdí kọ̀ǹpútà ni mo bá wọn. Wọ́n ti gbé awò ojú wọn sí iwájú orí, imú wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan síkírínì bí ẹni tó fẹ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ìròyìn Yorùbá ni wọ́n ń kà.

"Ìwọ, wá wo nǹkan. Ṣé ẹni tó kọ eléyìí ni ò gbọ́ Yorùbá ni, àbí ojú mi ló ti lọ?"

Mo tẹjú mọ́ ọn. Nínú àkọlé ìròyìn náà, àmì tó yẹ kó jókòó sórí ọ ìkẹyìn nínú "ọkọ̀" ti yẹ̀ sápá ọ̀tún, ó rọ̀ sáàárín òfuurufú. Gbogbo lẹ́tà ẹ tó wà níbẹ̀ ló nípọn ju àwọn lẹ́tà ẹgbẹ́ wọn lọ, bíi pé ìwé mìíràn ni wọ́n ti gé wọn wá lẹ̀ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀, àwọ̀ eérú ni wọ́n fi kọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà sórí funfun. Ojú tó le koko gan-an á ṣẹ́jú.

"Ẹ má tíì dá a lẹ́bi, Àǹtí. Ó lè jẹ́ pé ó kọ ọ́ dáadáa. Fọ́ǹtì, ìyẹn irú ìkọ̀wé tí wọ́n lò, ni ò gbọ́ Yorùbá."

"Bá mi sọ fún wọn kí wọ́n tún un ṣe nígbà náà."

Mo ní kò yẹ ká máa dúró dè wọ́n, pé a lè tún un ṣe láti orí àga tí wọ́n jókòó sí yẹn. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ní òun fẹ́ lọ kun ilé onílé lọ́dà.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń rú èèyàn lójú. A máa ń rò pé bí ìkànnì ṣe rí lójú wa, bẹ́ẹ̀ ni onítọ̀hún ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde, bí ìwé ìròyìn tó ti ilé ìtẹ̀wé bọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Tí ẹ bá ṣí ìkànnì kan, nǹkan méjì ló ń wọlé tọ̀ yín wá. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àmì tó ń sọ èyí tó jẹ́ àkọlé, èyí tó jẹ́ ìpínrọ̀, èyí tó jẹ́ àwòrán. HTML nìyẹn. Èkejì ni ìwé àṣẹ tó ń sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí: fọ́ǹtì báyìí, àwọ̀ báyìí, àyè báyìí láàárín ìlà. CSS nìyẹn. Búráúsà yín, ìyẹn ohun tí ẹ fi ń ṣí ìkànnì, ló wá ń fi èkejì rán èkíní. Télọ̀ ni búráúsà. Onílé ìròyìn fi aṣọ àti sítáì ránṣẹ́, àmọ́ inú ilé yín ni télọ̀ jókòó sí tó ń rán an, iná yín ló ń lò. Tí ẹ bá ní kó tú ìdí ṣòkòtò náà sílẹ̀ díẹ̀, ta ló máa bi yín? Ẹ̀dà tó wà níwájú yín nìkan ló yí padà. Ẹni tó ń ka ìròyìn kan náà ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Peckham ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn tó dá CSS sílẹ̀ ti fi ààyè yìí sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Håkon Wium Lie, ọmọ ilẹ̀ Norway, ló gbé àbá náà jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1994 nígbà tó wà ní CERN, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Geneva. Bert Bos, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, dara pọ̀ mọ́ ọn, ẹ̀yà àkọ́kọ́ sì jáde ní oṣù kejìlá ọdún 1996. Lójú wọn, ẹni tó ń kà náà lẹ́nu ọ̀rọ̀. Nítorí náà ẹni mẹ́ta ló ń pàṣẹ fún télọ̀ yìí. Búráúsà ní àṣà tirẹ̀: òun ló ń fi ìlà sábẹ́ líǹkì, òun ló ń mú kí àkọlé tóbi kódà tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ ohunkóhun. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà ní tiyín. Onílé ìkànnì sì ní tirẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ wọn bá takora, tiyín borí ti búráúsà, ti onílé ìkànnì sì borí tiyín.

Ẹ máa ní kí ló wá kù fún wa níbẹ̀. Ohun tó kù ni àmì kékeré kan tí wọ́n ń kọ sẹ́yìn àṣẹ: `!important`. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ẹbí, tó wá fọwọ́ lu tábìlì pé "mo ní!" Ní 1996, bí ẹ̀yin àti onílé ìkànnì bá jọ fọwọ́ lu tábìlì, tirẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń gbọ́. Nígbà tí ẹ̀yà kejì jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 1998, wọ́n yí i po. Láti ìgbà náà, tí ẹ̀yin méjèèjì bá lu tábìlì, tiyín ló lé téńté. Ìdí tí wọ́n fi yí i padà ò ju ti Àǹtí mi lọ: ẹni tí ojú ń dùn, tó nílò lẹ́tà ńlá tàbí àwọ̀ kan pàtó, ò gbọdọ̀ máa bẹ oníkànnì kí ó tó lè kàwé. Nínú gbogbo òfin tó wà nínú CSS, òun ni mo fẹ́ràn jù.

Àṣẹ wà, àmọ́ àwọn tó ń ṣe búráúsà ti fi ilẹ̀kùn rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Chrome ní fáìlì kan tẹ́lẹ̀ tí èèyàn lè kọ àṣẹ tirẹ̀ sí. Wọ́n yọ ọ́ kúrò ní 2014. Firefox ṣì ní tirẹ̀, userContent.css, àmọ́ láti ẹ̀yà 69 tó jáde ní 2019, kì í wo ibẹ̀ mọ́ àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ yí nǹkan kan nínú sẹ́tíǹsì tó fara sin. Wọ́n ní àwọn tó ń lò ó ò pọ̀, pé wíwá fáìlì náà ní gbogbo ìgbà tí búráúsà bá ń ṣí ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ gbé ilẹ̀kùn pamọ́, ẹ wá ń ní èrò ò gba ibẹ̀! Safari orí Mac ní tirẹ̀ ṣì fi í síta gbangba: ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Advanced, ẹ máa rí Style sheet níbẹ̀, ẹ sì lè fi fáìlì tiyín sí i.

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ CSS, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ò tó bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé lẹ́tà kéré ni, Ctrl pẹ̀lú + ti tó, búráúsà á sì rántí rẹ̀ fún ìkànnì yẹn. Nínú Firefox, níbi tí wọ́n ti ń yan fọ́ǹtì, ẹ tẹ Advanced. Àpótí kan wà níbẹ̀ tó ń gba oníkànnì láyè láti mú fọ́ǹtì tirẹ̀ wá. Tí ẹ bá yọ àmì inú rẹ̀, fọ́ǹtì tí ẹ̀yin yàn ni gbogbo ìkànnì á máa lò. Chrome náà ń jẹ́ kí èèyàn yan fọ́ǹtì, àmọ́ ibi tí oníkànnì ò bá ti dárúkọ fọ́ǹtì nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, ibi bẹ́ẹ̀ ò sì pọ̀ mọ́. Èyí tó wúlò jù níbẹ̀ ni pé èèyàn lè sọ ìwọ̀n tí lẹ́tà kankan ò gbọdọ̀ kéré sí.

Ti Àǹtí mi kọjá bẹ́ẹ̀. Ìkànnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń bá jà, wọn ò fẹ́ kí èyí tó kù yí padà. Firefox ni wọ́n ń lò, nítorí náà mo gba ọ̀nà fáìlì. Mo tẹ about:config sí ibi àdírẹ́sì, mo gba ìkìlọ̀ wọn, mo wá `toolkit.legacyUserProfileCustomizations.stylesheets` rí, mo sọ ọ́ di true. Mo tẹ about:support, ibẹ̀ ni mo ti ṣí fódà tí Firefox ń kó nǹkan Àǹtí mi sí. Mo dá fódà tuntun sínú rẹ̀, mo sọ ọ́ ní chrome. (Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dà yín láàmú, kò bá búráúsà Google tan.) Fáìlì userContent.css ló wọ inú fódà náà.

Kí n tó kọ ohunkóhun sínú rẹ̀, mo ní láti mọ orúkọ ibi tí mo fẹ́ tún ṣe. Mo gbé máòsì sórí ìpínrọ̀ kan nínú ìròyìn náà, mo tẹ bọ́tìnì ọ̀tún, mo mú Inspect. Abẹ́ síkírínì là sí méjì, egungun ìkànnì náà sì hàn. Bí mo ṣe ń rìn lórí ìlà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ni apá tó ń tọ́ka sí lókè ń tàn. "Ó dà bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú alábóyún," ni Àǹtí mi wí. Àpótí tó gbé gbogbo ìròyìn náà dání ń jẹ́ article-body. Ohun tí mo kọ nìyí, mo kàn fi example.com rọ́pò orúkọ ìkànnì náà:

```
@-moz-document domain("example.com") {
  .article-body p, .article-body h1 {
    font-family: "Noto Serif", serif !important;
    color: #1a1a1a !important;
    line-height: 1.8 !important;
  }
}
```

Ìlà àkọ́kọ́ ní kí àṣẹ yìí má jáde kúrò nínú ìkànnì kan yẹn. Èyí tó tẹ̀ lé e ń pe ìpínrọ̀ àti àkọlé tó wà nínú àpótí náà. Àmì ìdánudúró tó ṣíwájú article-body ń sọ pé orúkọ tí oníkànnì fún àpótí ni. Àṣẹ mẹ́ta ló wá wà nínú rẹ̀: fọ́ǹtì, àwọ̀ tó sún mọ́ dúdú, àti àyè láàárín ìlà. Èyí ìkẹyìn lè dà bí ọ̀ṣọ́ lásán lójú ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì. Fún àwa tí lẹ́tà wa ń gbé àmì rù lórí tó tún ń so àmì mọ́ abẹ́, ìlà tó há mọ́ra máa ń jẹ́ kí àmì òkè gún ẹsẹ̀ ìlà tó wà lókè rẹ̀, ìgbà mìíràn wọ́n á tilẹ̀ gé e dànù.

Kí nìdí tó fi jẹ́ Noto? Ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni àìsàn tí Àǹtí mi rí ti bẹ̀rẹ̀. Nínú Unicode, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà, lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọ ní tirẹ̀, ṣ náà ní tirẹ̀. Àmọ́ ọ̀ ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́. Nǹkan méjì tí wọ́n tò tẹ̀ léra ni: ọ, lẹ́yìn náà àmì ohùn ìsàlẹ̀. Inú fọ́ǹtì ni ìtọ́ni wà nípa ibi tí àmì á gbé jókòó sórí lẹ́tà. Fọ́ǹtì tí wọn ò kọ́ ní nǹkan yìí á kàn ju àmì náà síbi tó bá rí. Tí fọ́ǹtì ò bá ní lẹ́tà ẹ rárá ńkọ́? Búráúsà á sáré lọ yá a nínú fọ́ǹtì mìíràn, ìdí nìyẹn tí àwọn ẹ yẹn fi nípọn láàárín àwọn tó kù. Tí kò bá tún rí èyí tó máa yá, àpótí òfìfo ló máa gbé síbẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ fọ́ǹtì ń pe àpótí yẹn ní tofu, torí ó jọ oúnjẹ ẹ̀wà sóyà tí wọ́n ń gé ní igun mẹ́rin bíi wàrà. Google sọ fọ́ǹtì tiwọn ní Noto láti fi sọ pé tofu ò ní sí mọ́. Charis SIL, Gentium àti Andika náà mọ lẹ́tà wa dáadáa, wọ́n sì jẹ́ ọ̀fẹ́ bíi Noto. Ẹ sáà ti kọ́kọ́ gbé fọ́ǹtì náà sórí kọ̀ǹpútà yín; télọ̀ ò lè fi òwú tí kò sí nílé rán aṣọ.

Kí ẹ má rò pé ó bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Àṣìṣe àkọ́kọ́ mi: Notepad fi .txt kún ìdí orúkọ fáìlì náà, Windows sì fi ìrù yẹn pamọ́ fún mi. userContent.css ni mo ń rí, userContent.css.txt ló wà níbẹ̀. Mo pa Firefox, mo tún un ṣí, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹrin, kò sí ohun tó yí padà. Èkejì ni ìwàǹwára. Dípò kí n kọ orúkọ àpótí náà, ìràwọ̀ `*` ni mo kọ́kọ́ kọ, tó túmọ̀ sí "gbogbo ohun tó wà lójú ìwé yìí". Ọ̀rọ̀ náà dára lóòótọ́, àmọ́ àwọn àwòrán kéékèèké òkè ti dàrú: ibi tí gíláàsì ìwádìí wà di ọ̀rọ̀ search, ibi tí ìlà mẹ́ta wà di menu.

"Gíláàsì tí mo fi ń wá nǹkan dà?" Àǹtí mi bi mí.

Fọ́ǹtì ni ọ̀pọ̀ ìkànnì fi ń ya àwọn àwòrán kéékèèké yẹn. Tí ẹ bá gba fọ́ǹtì náà lọ́wọ́ wọn, egungun ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ àwòrán á yọ síta. Ibi tí ìwé kíkà wà ni kí ẹ dojú kọ, ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Chrome tàbí Edge, àfikún kan (ìyẹn ohun kékeré tí wọ́n ń so mọ́ búráúsà) wà tó ń jẹ́ Stylus, òun náà wà fún Firefox. Ó rọrùn ju fáìlì lọ: ẹ máa kọ àṣẹ sínú àpótí, ẹ yan ìkànnì tó kàn, ó parí; ìlà `@-moz-document` tèmi yẹn ò pọn dandan níbẹ̀. Ìyàtọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀, tó máa ń jẹ́ kí wọ́n sọ pé "mo kọ ọ́, kò ṣiṣẹ́". Fáìlì inú Firefox ń sọ̀rọ̀ ní orúkọ ẹni tó ń kà. Stylus, bó ṣe sábà máa ń ṣiṣẹ́, ń ti ọ̀rọ̀ yín sínú ìwé àṣẹ oníkànnì bíi pé òun náà ló kọ ọ́. Nítorí náà òfin 1998 yẹn ò gbè yín níbẹ̀. Bí oníkànnì bá ti fi `!important` sí tirẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì ti di ẹgbẹ́, ẹni tó bá júwe ohun tó ń sọ ní pàtó jù ló máa borí. Ó dà bíi kí ẹnìkan ní "kí ọmọ ilé yìí wá", kí ẹlòmíràn ní "kí ọmọ Ìyá Bísí tó wà ní yàrá ẹ̀yìn wá". Tí `.article-body p` ò bá ṣiṣẹ́, ẹ gbìyànjú `html body .article-body p`.

Àwọn ìkànnì ńlá kan tún ní àrékérekè mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò dìídì ṣe é. Ẹ̀rọ ló ń sọ àpótí wọn lórúkọ: x1n2onr, css-9fk3, irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ti tún ìkànnì náà kọ́, orúkọ á yí padà, àṣẹ yín á máa pe ẹni tí kò sí nílé mọ́. Kò sí ògùn rẹ̀ ju pé kí ẹ padà lọ wò ó nínú Inspect.

Àwọn kan wà tí wọn ò ní kọ ìlà kan, tí wọ́n kàn máa lọ gba èyí tí ẹlòmíràn ti kọ. Kò burú, ibùdó tó kún fún un wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ ẹ la ojú yín sílẹ̀. Stylish ni gbogbo ayé ń lò kí Stylus tó dé. Ó pààrọ̀ ọwọ́, àwọn tó rà á sì sọ ọ́ di ohun tó ń kó àdírẹ́sì gbogbo ìkànnì tí èèyàn bá ṣí ránṣẹ́ sílé. Àṣírí náà tú ní oṣù keje ọdún 2018, Google àti Mozilla sì yọ ọ́ kúrò nínú ilé ìtajà wọn nígbà náà. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ya Stylus, tí kò kó nǹkan kan. Ẹ wo inú àṣẹ tí ẹ bá fẹ́ gbà pẹ̀lú: tí ẹ bá rí `url(` tó ń lọ sí ibi tí ẹ ò mọ̀, ẹ béèrè ohun tó ń wá lọ síbẹ̀. Sítáì tó kàn fẹ́ yí àwọ̀ padà ò nílò láti máa pe ojúlé ẹlòmíràn.

Lórí fóònù, ọ̀nà tín-ín-rín ni. Chrome orí Android kì í gba àfikún. Firefox orí Android ń gbà á, uBlock Origin sì wà níbẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́ ni dídínà ìpolówó, àmọ́ ó lè gba àṣẹ CSS pẹ̀lú. Ìlà kan ṣoṣo báyìí nínú "My filters" ti tó:

```
example.com##.article-body p:style(line-height: 1.8 !important)
```

Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni ti dátà: "Ṣé tí mo bá fi CSS pa àwòrán mọ́, dátà mi ò ní lọ?" Ó máa ń lọ. `display: none` ń sọ fún télọ̀ pé kó má rán apá yẹn mọ́ aṣọ, àmọ́ wọ́n ti gbé aṣọ náà dé ilé ná. uBlock Origin ń dá a padà láti ẹnu ọ̀nà, ìyẹn ló ń dín dátà kù.

Bí a ṣe wà lórí Inspect, ọ̀rọ̀ kan tún kù. Ẹ̀rọ kan náà tí mo fi ń wá orúkọ àpótí lè yí ọ̀rọ̀ ojú ìwé padà, kó sọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà di ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta, kó sì rí bí ẹni pé báǹkì ló kọ ọ́. Tí wọ́n bá tún ojú ìwé náà ṣí, ó ti lọ. Oníṣòwò tó ń fi àwòrán síkírínì gba ẹ̀rí pé owó ti wọlé, kí ó tún un rò.

Mo pa Firefox Àǹtí mi, mo tún un ṣí lẹ́yìn tí mo ti gé .txt kúrò, tí mo sì ti fi orúkọ àpótí náà rọ́pò ìràwọ̀. Àkọlé náà jáde pẹ̀lú "ọkọ̀" tí àmì rẹ̀ jókòó sójú rẹ̀ gan-an, gbogbo ẹ sì dọ́gba. Wọ́n fa awò ojú wọn wálẹ̀. Wọ́n kà á lọ díẹ̀, orí wọn ń mì, mo ti ń retí àdúrà. Ìgbà tí wọ́n dé ìpínrọ̀ kẹta, wọ́n dúró.

"Gbà, kà á sí mi létí."

Mo kà á: "Ọkọ́ akérò kan…"

"Ọkọ́ tí a fi ń ro oko? Òun ló ń kó èrò báyìí?" Wọ́n ti ń wá bíró. "O ní kí n má dá a lẹ́bi."